Adékúnlé Fájuyì: Àmì-Ẹ̀yẹ Jagunjagun àti Ikú Olùgbàlejò

Bí ènìyàn bá ń lọ sí ìhà Adámásingbà ní ìlú Ìbàdàn, yóò gba òpópónà kan tí ó ń jẹ́ Fájuyì. Bí ó bá dé Yunifásítì Ifẹ̀, èyí tí a ń pè ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ láti ọdún 1987, yóò rí ilé gbígbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọkùnrin kan tí ó ń jẹ́ orúkọ yìí kan náà. Ní Adó-Èkìtì, ọgbà ìrántí wà tí wọ́n fi sọrí ọkùnrin náà. Ní Ìbàdàn, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi pe bárékè ńlá àwọn sójà. Awakọ̀ ń pè é, akẹ́kọ̀ọ́ ń pè é, ìyá aláte ń pè é nígbà tí ó bá ń júwe ọ̀nà fún oníbàárà. Ṣùgbọ́n bí a bá bi akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́wàá léèrè ta ni ẹni tí ó ni orúkọ yìí, ó ṣeé ṣe kí àwọn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá fohùn ṣọ̀kan pé gómìnà tí ó bá àlejò rẹ̀ kú ni.

Wọn kò purọ́. Síbẹ̀, ọjọ́ kan ṣoṣo nínú ayé Adékúnlé Fájuyì ni ìdáhùn náà kó já. Kí ọjọ́ náà tó dé, ọkùnrin yìí ti ṣiṣẹ́ ogun fún ọdún mẹ́tàlélógún. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti fi àmì-ẹ̀yẹ dá a lọ́lá: ọ̀kan nítorí wàhálà tí ó bẹ́ sílẹ̀ láàrin àwọn ọmọ ogun, èkejì nítorí ohun tí ó ṣe lójú ìjà ní ilẹ̀ Kóńgò. Àwọn àmì-ẹ̀yẹ méjèèjì yìí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ pátápátá nínú ìtàn tí a ń sọ fún àwọn ọmọ iléèwé. Ikú rẹ̀ ti bo ayé rẹ̀ mọ́lẹ̀. Èrò àròkọ yìí ni pé ẹni tí kò bá mọ ìtàn àwọn àmì-ẹ̀yẹ náà kò lè mọ ìtumọ̀ ikú náà dáadáa.

Ní ayé àtijọ́, kì í ṣe irin tàbí fàdákà tí a ń so mọ́ àyà ni Yorùbá fi ń dá jagunjagun lọ́lá. Oyè ni wọ́n fi ń dá a lọ́lá, àti oríkì. Ògúnmọ́lá ti ojú ogun di Baṣọ̀run Ìbàdàn. Ìbíkúnlé Balógun kú, ṣùgbọ́n oríkì rẹ̀ kò bá a lọ; títí di òní ni àwọn akéwì ń ka iye ẹṣin àti ọ̀wọ́ ọmọ ogun tí ó ń tẹ̀ lé e jáde. Lẹ́yìn ogun Kírìjì, Ògèdèǹgbé gba oyè Ọbańlá ní Iléṣà, ibẹ̀ ni ó sì kú sí ní ọdún 1910. Ohun tí oríkì ní tí àmì onífàdákà kò ní ni pé oríkì máa ń sọ ohun tí akọni náà ṣe, ibi tí ó ti ṣe é àti ẹni tí ó ṣe é sí. Bí ọmọ bá gbọ́ oríkì bàbá rẹ̀, ó gbọ́ ìtàn pẹ̀lú. Àmì onífàdákà kì í sọ̀rọ̀. Bí ẹnikẹ́ni kò bá sọ ìtàn rẹ̀, inú àpótí ni yóò wà.

Ọjọ́ 26 oṣù Kẹfà ọdún 1926 ni wọ́n bí Fájuyì ní Adó-Èkìtì, ogójì ọdún péré lẹ́yìn àdéhùn ọdún 1886 tí ó paná ogun Kírìjì. Nígbà tí ó ń dàgbà, àwọn arúgbó tí ó rántí Èkìtì Parapọ̀ kò tíì tán nílẹ̀. Iléèwé ìjọ Àgùdà ni ó lọ ní Adó. Ní ọdún 1943, ó wọṣẹ́ ológun gẹ́gẹ́ bí ọmọ ogun lásán, kì í ṣe gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá. Ọdún náà ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń kó àwọn ọ̀dọ́ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà jọ fún ogun Bọ́mà, lábẹ́ ẹgbẹ́ ọmọ ogun tí a mọ̀ sí Dìfísọ̀n 81 àti 82. Bárékè Letmauk tí ó wà ní Mọ́kọ́lá ní Ìbàdàn, orúkọ ìlú kan ní Bọ́mà ni wọ́n sọ ọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ń gba iwájú rẹ̀ kọjá kò mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀ka tí ń fi wáyà àti rédíò gbé ìròyìn láàrin àwọn ọmọ ogun ni Fájuyì wà. Èyí kò ṣàjèjì. Láyé ìjọba amúnisìn, ilẹ̀ Òkè Ọya ni òyìnbó ti ń kó púpọ̀ nínú àwọn tí ń gbé ìbọn. Iṣẹ́ tí ó bá gba ìwé kíkà, irú bíi ti wáyà, ti akọ̀wé àti ti ẹ̀rọ, ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ Gúúsù tí ó ti gba iléèwé ìjọ kọjá ni wọ́n ti ń wá a. Ó yẹ kí ẹni tí ó bá ń múra ìdánwò sílẹ̀ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, nítorí ìpín yìí wà lára ohun tí ó dá ìfura sílẹ̀ nínú iṣẹ́ ológun Nàìjíríà nígbà tí ó yá, tí ìfura náà sì di ìbọn ní ọdún 1966.

Ní ọdún 1951, Fájuyì ti di sájẹ́ǹtì. Ní ọdún náà ni àwọn ọmọ ogun tí wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́ kan fárígá nítorí oúnjẹ. Fájuyì wà lára àwọn tí ó bá wọn pẹ̀tù sí i tí kò fi di ìjà ńlá, nítorí èyí ni wọ́n sì ṣe fún un ní àmì-ẹ̀yẹ British Empire Medal. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí akọni òun mọ́ tónítóní lè máa wo àmì-ẹ̀yẹ yìí bí ohun tí ó ń kọni lóminú. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ kì í ṣe ọ̀rọ̀ àfojúdi. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ìjọba tí ó fún Fájuyì ní àmì-ẹ̀yẹ ni ìjọba tí àwọn ọmọ ogun ń bá jà lórí oúnjẹ. Ṣé kì í ṣe pé ó gbè sẹ́yìn òyìnbó ni?

Ìbéèrè náà tọ́, kò sì yẹ kí olùkọ́ sá fún un. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ipò sájẹ́ǹtì nínú iṣẹ́ ológun ìgbà náà. Òyìnbó ni ọ̀gá. Ọmọ ilẹ̀ ni ọmọ ogun. Sájẹ́ǹtì wà láàrin. Òun ni ó ń gbọ́ àṣẹ láti òkè, òun náà ni ó ń gbọ́ ìráhùn láti ìsàlẹ̀. Bí ọmọ ogun bá fárígá, tí ọ̀gá sì kà á sí ọ̀tẹ̀, ìyà tí ó wà nídìí rẹ̀ le púpọ̀: ẹ̀wọ̀n ni, lílé kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ni, nígbà mìíràn ó sì lè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí ó bá dúró láàrin tí kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ dé ibẹ̀, àwọn ọmọ ogun pàápàá ni ó kó yọ. Bí a bá wo ohun tí Fájuyì ṣe lẹ́yìn náà, ìtumọ̀ kejì yìí ni ó bá ìwà rẹ̀ mu jù.

Láti oṣù Keje sí oṣù Kọkànlá ọdún 1954, ó kẹ́kọ̀ọ́ ní iléèwé àwọn ọ̀gá ológun ní Eaton Hall ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì jáde gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá ológun. Ọdún mọ́kànlá ni ó ti lò gẹ́gẹ́ bí ọmọ ogun kí ó tó dé ipò yìí. Kò jọ àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n kúrò ní iléèwé gíga tààrà bọ́ sí ipò ọ̀gá. Ó ti gbé ẹrù, ó ti jẹun bárékè, ó sì mọ bí ojú ṣe ń rí lára ẹni tí a ń pàṣẹ fún.

Ìgbà tí ọ̀rọ̀ Kóńgò dé ni orúkọ rẹ̀ kọ́kọ́ kọjá ẹnu ọ̀nà bárékè. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà ọdún 1960 ni Kóńgò gba òmìnira lọ́wọ́ Bẹ́ljíọ̀mù. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí Moise Tshombe fi kéde pé Katanga, ẹkùn tí bàbà pọ̀ sí jù nínú ilẹ̀ náà, ti ya kúrò lára Kóńgò. Ilé iṣẹ́ Bẹ́ljíọ̀mù tí ó ń wa bàbà náà kò kẹ̀yìn sí i. Àwọn òyìnbó tí ń fi owó jagun sì wá ń kún ẹgbẹ́ ọmọ ogun rẹ̀. Ìjọba Kóńgò ké sí Àjọ Ìparapọ̀ Orílẹ̀-Èdè Àgbáyé. Nàìjíríà, tí òun náà ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá ọdún náà, rán ọmọ ogun lọ ní oṣù Kọkànlá. Ká sọ ọ́ bí ó ti rí, ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ilé tirẹ̀ tán, tí òrùlé kò tíì gbẹ, ni ó wá ń bá aládùúgbò pa iná.

Bàtálíọ̀nù Kẹrin wà lára àwọn tí ó lọ, òyìnbó ni ó ṣì ń darí rẹ̀. Fájuyì ni ọ̀gá ọ̀wọ́ ọmọ ogun tí wọ́n ń pè ní C Company nínú rẹ̀. Ní ọdún 1961, wọ́n wà ní Àríwá Katanga. Ìjà ibẹ̀ ta kókó. Àwọn ẹ̀yà Baluba tí ó pọ̀ ní apá ibẹ̀ kò fẹ́ ìjọba Tshombe; àwọn ọmọ ogun Tshombe ń dojú ìbọn kọ wọ́n; àwọn náà ń gbẹ̀san. Ọmọ ogun Àjọ Àgbáyé wà láàrin, wọ́n sì ti sọ fún un pé àlàáfíà ni ó wá ṣe, kì í ṣe ogun. Irú ipò yìí le ju ogun gan-an lọ. Nínú ogun, ènìyàn mọ ọ̀tá rẹ̀. Níbi tí ènìyàn bá ti wá pẹ̀tù síjà, kò mọ ibi tí ọta yóò ti wá.

Ibẹ̀ ni àwọn kan ti ba dè wọ́n. Ẹni tí ó bá mọ iṣẹ́ ogun mọ̀ pé ìbùba ni ó ń dán ọ̀gá ológun wò jù. Ẹni tí ó ba ti yan ibi tí ó wù ú, ó ti mọ ibi tí ọ̀nà ti fún àti ibi tí igbó ti dí. Ẹni tí a ba dè kò mọ nǹkan kan títí ìbọn yóò fi dún. Ohun tí ó yá sí ọmọ ogun lára nígbà náà ni kí ó sá, bẹ́ẹ̀ ẹni tí ó bá sá ni ọta ń bá lẹ́yìn. Bí ọ̀gá bá dààmú, gbogbo ọ̀wọ́ ti ṣègbé. Fájuyì kò dààmú. Ó kó àwọn ọmọ ogun rẹ̀ jáde kúrò nínú ìbùba náà. Nítorí èyí àti àwọn iṣẹ́ mìíràn tí ó ṣe ní Àríwá Katanga ni wọ́n fi fún un ní àmì-ẹ̀yẹ Military Cross.

Àmì-ẹ̀yẹ yìí yẹ ní wíwò. Agbélébùú fàdákà ni, tí ó rọ̀ mọ́ aṣọ funfun tí àwọ̀ elése-àlùkò gba àárín rẹ̀. Oṣù Kejìlá ọdún 1914, nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ni ọba Gẹ̀ẹ́sì dá a sílẹ̀ fún àwọn ọ̀gá ológun tí ipò wọn kò tíì ga jù, ìyẹn àwọn tí ń bá ọmọ ogun wọn wọ ojú ìjà gan-an. A kì í fi í fún ẹni tí ó jókòó sí ilé-iṣẹ́ tí ó ń fa ìlà sórí àwòrán ilẹ̀. Ọmọ Adó-Èkìtì, nínú iṣẹ́ ológun Nàìjíríà tí ó ti gba òmìnira, ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ àsíá Àjọ Àgbáyé ní ilẹ̀ tí Bẹ́ljíọ̀mù ti ṣàkóso, ọba obìnrin Gẹ̀ẹ́sì sì fi àmì-ẹ̀yẹ dá a lọ́lá! Ìdí tí èyí fi rí bẹ́ẹ̀ ni pé títí di ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá ọdún 1963 tí Nàìjíríà di orílẹ̀-èdè olómìnira tí kò ní ọba lórí mọ́, Ẹlísábẹ́ẹ̀tì Kejì ni olórí orílẹ̀-èdè yìí. Òfin tí ó dá àmì-ẹ̀yẹ Nàìjíríà fúnra rẹ̀ sílẹ̀ kò jáde títí di ọdún 1964. Bí Fájuyì bá máa gba ọlá kankan ní ọdún 1961, ọ̀dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni yóò ti wá.

Ẹlòmíràn tún wà ní Kóńgò tí orúkọ rẹ̀ kò ní jìnnà sí ti Fájuyì mọ́ láé. Ẹni náà ni Johnson Aguiyi-Ironsi, ọmọ Umuahia, tí ó kó Bàtálíọ̀nù Karùn-ún lọ. Ní ọdún 1964, òun ni ó di ọ̀gá pátápátá fún gbogbo ọmọ ogun Àjọ Àgbáyé ní Kóńgò, títí tí iṣẹ́ náà fi parí ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà ọdún yẹn. Àwọn méjèèjì ti gbọ́ dídún ìbọn nínú igbó ilẹ̀ àjèjì kan náà kí wọ́n tó jọ gbọ́ ọ ní Ìbàdàn.

Lẹ́yìn Kóńgò, Fájuyì di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó darí Bàtálíọ̀nù Kìíní ní Enugu. Díẹ̀ ṣáájú oṣù Kìíní ọdún 1966, wọ́n gbé e wá sí Abẹ́òkúta láti jẹ́ olórí bárékè ibẹ̀. Ní òru ọjọ́ 15 oṣù náà, àwọn ọ̀dọ́ ọ̀gá ológun kan dìtẹ̀ mọ́ ìjọba. Wọ́n pa olórí ìjọba, wọ́n pa olórí ẹkùn Àríwá, wọ́n sì pa Samuel Ládòkè Akíntọ́lá ní Ìbàdàn. Emmanuel Nwobosi tí ó kó ọmọ ogun wá sí ilé Akíntọ́lá, Abẹ́òkúta ni ó ti kó wọn wá. Ìdìtẹ̀ náà forí ṣánpọ́n, ṣùgbọ́n ìjọba bọ́ sọ́wọ́ Ironsi, òun sì ni ó yan Fájuyì gẹ́gẹ́ bí gómìnà ológun àkọ́kọ́ fún Ìwọ̀ Oòrùn.

Ilé tí ń jó ni wọ́n ní kí ó wọ̀. Láti ìgbà ìdìbò oṣù Kẹwàá ọdún 1965 ni ẹkùn náà ti ń jóná, tí ọmọ aráyé ń da bẹntiróò sórí ilé àti ènìyàn, èyí tí a mọ̀ sí wẹ́tìẹ̀. Oṣù mẹ́fà péré ni Fájuyì lò lórí oyè. Kò tó àkókò tí ènìyàn fi lè gbé òṣùwọ̀n lé ìṣàkóso, kò sì yẹ kí a máa ka iṣẹ́ tí kò ráyè ṣe sí i lọ́rùn nítorí pé a fẹ́ yìn ín.

Ní ọjọ́ 28 oṣù Keje ọdún 1966, Ironsi, tí ó ń rìn yí orílẹ̀-èdè ká, bá àwọn ọba àti ìjòyè láti ẹkùn gbogbo sọ̀rọ̀ ní Ìbàdàn. Ilé Ìjọba ní Agodi, ibi tí Fájuyì ń gbé, ni ó wọ̀ sí. Ní òru ọjọ́ náà, àwọn ọmọ ogun tí ó ti Òkè Ọya wá dìde ní bárékè Abẹ́òkúta, inú wọn ṣì ń hó nítorí àwọn ọ̀gá wọn tí wọ́n pa ní oṣù Kìíní. Ìròyìn náà dé Ìbàdàn lórí tẹlifóònù. Kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn ọmọ ogun ti yí Ilé Ìjọba ká, T. Y. Danjuma, tí ó jẹ́ méjọ̀ nígbà náà, sì ni ó ṣáájú wọn.

Inú Bàtálíọ̀nù Kẹrin ni wọ́n ti kó àwọn ọmọ ogun yìí. Bàtálíọ̀nù yìí ni Fájuyì bá lọ sí Katanga. Ọdún márùn-ún ti kọjá, ọ̀pọ̀ ọmọ ogun ti wọlé, ọ̀pọ̀ sì ti jáde; kò sí ẹni tí ó gbọ́dọ̀ sọ pé àwọn tí ó kó yọ ní Kóńgò gan-an ni ó wá mú un. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ kan náà ni, orúkọ kan náà ni. Ó ṣòro kí ènìyàn ka èyí kí ó má dánu dúró díẹ̀.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ 29 ni àríyànjiyàn wà lórí rẹ̀. Ohun tí ó dájú ni pé Fájuyì sọ̀ kalẹ̀ láti mọ ohun tí àwọn ọmọ ogun náà ń fẹ́, wọ́n sì mú un. Nínú àlàyé tí Danjuma fúnra rẹ̀ ṣe lẹ́yìn náà, Fájuyì bèèrè ẹ̀rí pé wọn kò ní pa Ironsi lára, òun sì fún un ní ẹ̀rí náà; ṣùgbọ́n agbára kò sí lọ́wọ́ òun mọ́ lórí àwọn ọmọ ogun nígbà tí wọ́n mú àwọn méjèèjì. Wọ́n kó wọn gba ọ̀nà Ìwó, wọ́n sì pa wọ́n sínú igbó ní agbègbè Lálúpọn. Andrew Nwankwo, ọ̀kan nínú àwọn amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ Ironsi tí wọ́n mú pẹ̀lú wọn, ráyè sá lọ; ó wà láyé láti ròyìn ohun tí ojú rẹ̀ rí.

Àwọn ènìyàn wá ń sọ pé Fájuyì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún àwọn ọmọ ogun náà pé bí wọ́n bá máa mú àlejò òun, kí wọ́n mú òun náà. Ọ̀rọ̀ yìí ti di ohun tí olùkọ́ ń kọ sára pátákó. Ó dùn létí Yorùbá, nítorí ó bá òye wa nípa àlejò mu. Ẹni tí ó bá wọ ilé onílé láti pa àlejò rẹ̀, onílé gan-an ni ó wá tàbùkù. Bí onílé bá sì yọwọ́ yọsẹ̀, kò ní ẹnu láti fi pe ara rẹ̀ ní onílé mọ́. Ṣùgbọ́n ìtàn kì í ṣe rárà. Ẹni tí ó bá kọ ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé ìdánwò bí ẹni pé ó wà níbẹ̀ tí wọ́n sọ ọ́ ń kọ ohun tí kò ní ẹlẹ́rìí.

Àwọn mìíràn gba òdì kejì lọ pátápátá. Wọ́n ní Fájuyì kò bá ẹnikẹ́ni kú. Wọ́n ní òun náà ni wọ́n wá pa. Ọ̀rọ̀ yìí ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Àwọn ọmọ ogun Òkè Ọya kan fura sí i pé ó mọ̀ nípa ìdìtẹ̀ oṣù Kìíní. Abẹ́òkúta ni Nwobosi ti gbéra. Fájuyì sì wà ní Abẹ́òkúta nígbà náà. Ironsi tí wọ́n ń bínú sí ni ó sọ ọ́ di gómìnà. Bí wọ́n bá ti ń wá ẹni tí wọn yóò gbẹ̀san lára rẹ̀, kò ní ṣòro kí ojú wọn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kejì yìí kò pa ti àkọ́kọ́. Ohun tí ó wà nínú ọkàn àwọn apànìyàn kì í ṣe ohun tí ó ń sọ irú ẹni tí ẹni tí wọ́n pa jẹ́. Ohun tí ó yẹ kí a wò ni ohun tí Fájuyì ṣe nígbà tí ààyè ṣì wà. Àpẹẹrẹ kan wà nínú ilé náà gan-an. Ọ̀gágun Hilary Njoku, tí ó bá Ironsi wá, jáde kúrò ní ọgbà Ilé Ìjọba ní òru náà láti wá ìrànlọ́wọ́. Wọ́n yìnbọn fún un, ó fara gbọgbẹ́, ṣùgbọ́n ó sá àsálà. Kò sí ẹ̀bi kankan lọ́rùn Njoku. Jíjáde náà kò rọrùn, ó kàn ṣeé gbìyànjú ni. Fájuyì, tí ó mọ ọgbà náà ju àlejò èyíkéyìí lọ, kò gbìyànjú rẹ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀ lọ bá àwọn tí ó gbé ìbọn.

Níbí ni àwọn àmì-ẹ̀yẹ méjèèjì ti wúlò fún òpìtàn. Sájẹ́ǹtì tí ó lọ dúró láàrin àwọn tí inú ń bí ní ọdún 1951, òun náà ni gómìnà tí ó sọ̀ kalẹ̀ lọ bá àwọn tí inú ń bí ní ọdún 1966. Ọ̀gá tí kò fi àwọn ọmọ ogun rẹ̀ sílẹ̀ nínú ìbùba Katanga, òun ni kò fi àlejò sílẹ̀ ní Agodi. A kò nílò gbólóhùn tí kò ní ẹlẹ́rìí láti fi mọ ẹni tí ó jẹ́. Ìṣe rẹ̀ wà nínú ìwé ìjọba láti ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ṣáájú. Ẹni tí ó bá ní àlejò ni ó sọ ọ́ di akọni kò mọ̀ pé akọni ni ó gba àlejò náà lálejò.

Lẹ́yìn ikú náà, ìdákẹ́jẹ́ ni ó tẹ̀ lé e. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹjọ, Yakubu Gowon kéde pé òun ti gba ìjọba. Ohun tí ìjọba sọ nípa Ironsi ni pé àwọn kan jí i gbé, wọn kò sì mọ ibi tí ó wà. Ní ọjọ́ díẹ̀ sí i, wọ́n fi Adéyínká Adébáyọ̀, ará Ìyìn-Èkìtì, ṣe gómìnà Ìwọ̀ Oòrùn. Wọ́n fi ẹlòmíràn rọ́pò gómìnà tí ẹnikẹ́ni kò tíì sọ fún aráàlú pé ó kú! Ó lé ní oṣù márùn-ún tí ọ̀rọ̀ fi wà bẹ́ẹ̀. Nínú àṣà wa, kò sí ohun tí ó burú fún ẹbí tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó kú, a ó sin ín, a ó sunkún rẹ̀, a ó sì ṣe ìnáwó rẹ̀; ẹni tí a kò mọ̀ bóyá ó kú tàbí ó wà láyé, a kò lè sunkún rẹ̀, a kò sì lè dẹ́kun wíwo ojú ọ̀nà. Lẹ́yìn ìpàdé Aburi tí àwọn olórí ogun ṣe ní ilẹ̀ Gánà ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kìíní ọdún 1967 ni ìjọba tó jẹ́wọ́ fún aráyé pé àwọn méjèèjì ti kú. Ní oṣù náà ni wọ́n sin Ironsi ní Umuahia, tí wọ́n sì sin Fájuyì ní Adó-Èkìtì pẹ̀lú ọlá ológun.

Láti ìgbà náà ni orúkọ rẹ̀ ti di ti gbogbo ènìyàn. Òṣèlú ti lò ó láti fi hàn pé Yorùbá kì í dalẹ̀. Oníwàásù ti lò ó. Oníròyìn ń lò ó nígbàkúùgbà tí ọjọ́ 29 oṣù Keje bá ti yí po. Àǹfààní wà nínú èyí, nítorí kò jẹ́ kí orúkọ náà sọnù. Ṣùgbọ́n ẹni tí gbogbo ènìyàn bá ń lò láti fi jẹ́rìí ọ̀rọ̀ tiwọn kì í pẹ́ tí ojú tirẹ̀ fi ń parẹ́. Fájuyì tí ó jẹ́ ọmọ ogun lásán fún ọdún mọ́kànlá, Fájuyì onírédíò, Fájuyì tí ó kó àwọn ọmọ ogun rẹ̀ jáde kúrò nínú ìbùba ní Katanga, àwọn wọ̀nyí ni òpópónà àti ọgbà kò lè sọ fún wa bí olùkọ́ kò bá sọ ọ́.

Òru kan náà tí wọ́n yí Agodi ká ni wọ́n pa àwọn ọ̀gá ológun mẹ́ta ní Abẹ́òkúta: Gabriel Okonweze, tí ó ń darí bárékè náà, John Obienu, àti E. B. Orok. Àwọn ni ìbọn kọ́kọ́ bà. A kì í sábà gbọ́ orúkọ wọn nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ Fájuyì, bẹ́ẹ̀ ni bárékè tí wọ́n kú sí ni Fájuyì fúnra rẹ̀ ń darí ní oṣù mẹ́fà ààbọ̀ ṣáájú, kí wọ́n tó ránṣẹ́ pè é pé kí ó wá ṣe gómìnà ní Ìbàdàn.